Ta Ni Ó Fi Òdiwọ̀n Ìwà Lélẹ̀?

Ẹ̀KỌ́ KẸJỌ: FÚN KÍLÁÀSÌ ÀWỌN ÀGBÀLAGBÀ

Ibi Kíkà: Gẹnẹsisi 20:1-18, Amosi 1:3 – 2:3, Marku 7:1-13, Romu 2:12-16
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Romu 2:15
Kókó Ẹ̀kọ́: Àṣà yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n àwùjọ kọ́ ni ó ni òdiwọ̀n tí a ó fi wọn ìwà.

ÌFÁÀRÀ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jáde nínú kíláàsì wa, pàápàá láti ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ gíga dé. Wọn a ní, "Ohun tí ẹ̀ ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀ níhìn-ín, wọn kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ níbòmíràn. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan rere àti búburú tirẹ̀." Inú a bí àwọn àgbà, wọn a ní ayé ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ opó tàbí ti ogún délẹ̀. Àwọn àgbà kan náà ni yóò sọ pé, "Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò bá wa yí i padà." Ohun kan náà ni tọmọdé tàgbà ń sọ: pé àwùjọ ni ó ni òdiwọ̀n.

Kí olùkọ́ má ṣe fi ọwọ́ líle mú ẹni tí ó bá mú ìbéèrè yìí wá. Ìbéèrè gidi ni, ó sì ti pẹ́ láyé. Bíbélì pàápàá kò sá fún un, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

ÀÀYÈ TÍ ABRAHAMU TI ṢÌ Í RÒ

Nígbà tí Abrahamu dé Gerari, ẹ̀rù bà á nítorí aya rẹ̀, ó sì sọ fún àwọn ará ìlú pé arábìnrin òun ni Sara. Abimeleki ọba ránṣẹ́, ó mú obìnrin náà. Ọlọ́run kìlọ̀ fún un lójú àlá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ròyìn fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, jìnnìjìnnì sì bo gbogbo wọn. Ó wá pe Abrahamu, ó bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀ ẹ́ tí ó fi fẹ́ fa irú ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá sórí òun àti ìlú òun. Ó sọ fún un gbangba pé ohun tí ó ṣe yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣe sí ọmọnìkejì.

Ẹ wo ìdáhùn Abrahamu ní ẹsẹ 11. Ó rò pé kò sí ìbẹ̀rù Ọlọ́run ní ìlú náà rárá, pé wọn yóò pa òun nítorí aya òun. Ó ti kọ́kọ́ gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe irú wa, wọn kò mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Níbẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ wà. Ẹni tí ó pè ní aláìmọ̀ ni ó dúró bá a wí, wòlíì sì dákẹ́, ó ń wá àwáwí. A kò tíì bí Mose nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó ka òfin kankan sí Abimeleki létí. Síbẹ̀ ó mọ̀ pé gbígba aya aláya kò dára, ó sì mọ̀ pé ẹni tí ó tan ọmọnìkejì rẹ̀ bọ́ sínú ọ̀fìn ti ṣe búburú.

Ohun kan tún wà ní ẹsẹ 12 tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò. Abrahamu ní ọmọ baba òun ni Sara ní tòótọ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá òun. Irú ìgbéyàwó yìí kò ṣàjèjì nígbà náà. Nígbà tí a dé Lefitiku 18:9, òfin ti kà á léèwọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé àṣà kì í yí padà nínú Bíbélì, kí ó tún ibẹ̀ kà. Ọ̀rọ̀ méjì wá jókòó pọ̀ nínú orí kan ṣoṣo: àṣà ìgbéyàwó tí ó yí padà bí àkókò ti ń lọ, àti ìwà ẹ̀tàn tí ọba kèfèrí àti wòlíì Ọlọ́run jọ mọ̀ pé ó burú. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò ṣi ọ̀nà.

Amosi bá wa ya wọ́n sọ́tọ̀. Kò bá àwọn ará Gasa wí nítorí oúnjẹ wọn tàbí aṣọ wọn. Ó bá wọn wí nítorí pé wọ́n kó odindi ìlú ní ìgbèkùn, wọ́n sì tà wọ́n. Ó bá Moabu wí nítorí pé ó sun egungun ọba Edomu di eérú. Ẹ kíyè sí èyí: kì í ṣe Israẹli ni Moabu ṣẹ̀ níbẹ̀. Kèfèrí ni ó ṣẹ kèfèrí, wọn kò sì gba òfin Sinai rí. Síbẹ̀ a pè wọ́n lẹ́jọ́, wọn kò lè sọ pé àwọn kò mọ̀.

ÀṢÀ YÀTỌ̀ SÍ ÌWÀ

Herodotu ará Griki, tí ó kọ ìwé ìtàn ní nǹkan bí 400 ọdún ó lé kí a tó bí Jésù, sọ ìtàn Dariusi ọba Pasia. Ọba náà pe àwọn ará Griki, ó bi wọ́n ní iye owó tí wọn yóò gbà kí wọ́n tó jẹ òkú baba wọn. Wọ́n ní kò sí owó tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ó wá pe ẹ̀yà kan láti India tí wọ́n máa ń jẹ òkú baba wọn, ó bi wọ́n ní iye tí wọn yóò gbà kí wọ́n tó sun ún níná bí àwọn ará Griki ti ń ṣe. Igbe ni wọ́n ké, wọ́n ní kí ó má sọ irú ọ̀rọ̀ àìmọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ìtàn yìí ṣe ẹ̀rí pé àṣà ni ọba lórí ohun gbogbo.

Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Kí ni ó mú kí àwọn méjèèjì ké? Bàbá wọn ni. Àwọn méjèèjì gbà pé a kò gbọ́dọ̀ tẹ́ òkú baba ẹni. Ọ̀nà tí a fi ń bọlá fún un nìkan ni ó yàtọ̀. Àwọn baba ńlá wa ń sin òkú àgbà sínú yàrá ilé. Nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó dé, wọ́n ní èérí ni, kí a lọ sin ín sí itẹ́. Ohun ẹ̀gbin ni lójú òyìnbó, ìwọ̀sí sì ni lójú àwọn baba wa láti gbé baba ẹni lọ sínú igbó bí ẹni tí kò ní ilé. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ tẹ́ baba rẹ̀ nínú wọn.

Ní 2019 àwọn onímọ̀ kan láti Yunifásítì Oxford tẹ ìwádìí jáde lórí ohun tí a ti kọ sílẹ̀ nípa ẹ̀yà 60 kárí ayé. Wọ́n rí i pé ríran ẹbí lọ́wọ́, dídúró ti ẹgbẹ́ ẹni, sísan oore padà, ìgboyà, bíbọ̀wọ̀ fún àgbà, pípín nǹkan bí ó ti yẹ àti fífi ohun olóhun sílẹ̀, rere ni wọ́n ń pè wọ́n níbikíbi tí ọ̀rọ̀ wọn ti jẹ yọ. Èyí tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fi ṣáájú nínú wọn ni ó yàtọ̀.

Nítorí náà kí a má ṣe pe gbogbo ohun tí ó ṣàjèjì sí wa ní ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ Yorùbá kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Ọmọ òyìnbó ń ṣe é, kò sì ní àrífín lọ́kàn. Àwọn tí ó mú Ìhìn Rere wá sọ́dọ̀ wa pàápàá kọsẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé orúkọ òyìnbó, aṣọ òyìnbó àti orin òyìnbó jẹ́ ara ìgbàgbọ́. David Brown Vincent, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1894 ó fi orúkọ náà sílẹ̀, ó di Mọ́jọlá Agbébí, aṣọ ilẹ̀ wa ni ó sì ń wọ̀. Kò fi Kristi sílẹ̀. Aṣọ àti orúkọ ni ó pààrọ̀. Òun náà ni a fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ nígbà tí àwọn ìjọ wa para pọ̀ ní Ìbàdàn ní 1914.

ÌJỌ KAN, BÍBÉLÌ KAN, ÌDÁJỌ́ MÉJÌ

Bí a bá dúró síbí yìí, ẹ̀kọ́ wa yóò rọrùn jù. Ìbéèrè tí ó le jù wà níwájú: kí ni a ó sọ nígbà tí àwùjọ bá pe ohun tí ó burú gidi ní rere, tí ìjọ sì bá wọn sọ ọ́? Ìtàn ìjọ tiwa gan-an ni a ó fi dáhùn, bí kò tilẹ̀ dùn ún gbọ́.

Richard Furman jẹ́ pásítọ̀ ní Charleston ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún ni, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí àwọn Onítẹ̀bọmi yàn nígbà tí wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè wọn ní 1814. Ní 1822 ó kọ̀wé sí gómìnà ìpínlẹ̀ rẹ̀ lórúkọ àwọn Onítẹ̀bọmi ibẹ̀, ó sì fi Ìwé Mímọ́ gbe ara rẹ̀ lẹ́yìn pé níní ẹrú kò lòdì sí òfin Ọlọ́run. Òun náà ní ẹrú. Kì í ṣe òpùrọ́, kì í sì í ṣe ọ̀mùtí. Àwùjọ rẹ̀ ni ó jókòó sí ojú rẹ̀ bí gíláàsì dúdú, tí ó fi ń ka Bíbélì.

Ní àkókò kan náà, ní erékùṣù Jamaica, Onítẹ̀bọmi mìíràn wà, Sam Sharpe. Ẹrú ni, ó sì jẹ́ díákónì ní Montego Bay. Ó mọ ìwé kà, ó sì ka Bíbélì kan náà tí Furman kà. Ó kọ́ àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ènìyàn kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ènìyàn ṣe ohun ìní. Ó bá wọn pinnu pé lẹ́yìn Kérésìmesì 1831 wọn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ àyàfi bí a bá san owó fún wọn. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ di iná àti ogun. Wọ́n pa ẹrú tí ó ju 300 lọ, wọ́n sì so Sharpe kọ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún, 1832. William Knibb, òjíṣẹ́ Ọlọ́run láti England tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láàrin àwọn ẹrú náà, kọjá sí ìlú rẹ̀ lọ jẹ́rìí sí ohun tí ó rí. Ní 1833 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, 1834.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ "àwùjọ ni ó ni òdiwọ̀n" yóò gbé wa dé. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, Sharpe ni ènìyàn búburú, nítorí ó rú òfin àwùjọ rẹ̀, àwọn tí ó so ó kọ́ sì ni olódodo. Nígbà tí òfin yí padà ní 1834, a jẹ́ pé búburú náà di rere láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò sí ẹni tí ó lè gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn. A mọ̀ pé òfin ni ó yí. Ohun tí ó tọ́ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń dúró dè wọ́n.

A sì gbọ́dọ̀ bèèrè pé: àwùjọ ta ni? Àwọn ẹrú ní Jamaica pọ̀ ju àwọn olówó wọn lọ fíìfíì. Nígbà tí a bá sọ pé "àwùjọ gbà á nígbà náà," a ti yọ wọ́n kúrò nínú àwùjọ. Wọn kò gbà á rí. A kò kàn bi wọ́n ni.

Nísinsìnyí kí a bọ̀ sílé. Ní oṣù Karùn-ún 1845, ní Augusta ní ìpínlẹ̀ Georgia, àwọn Onítẹ̀bọmi ti Gúúsù Amẹ́ríkà yà kúrò lára àwọn ará wọn ti Àríwá. Ìdí rẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ tí ó wà ní Boston kọ̀ láti rán ẹni tí ó ní ẹrú jáde gẹ́gẹ́ bí ajíhìnrere. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ó rán Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Georgia, wá sí ilẹ̀ wa. Ó gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1850. Ìjáyè àti Ògbómọ̀ṣọ́ rí iṣẹ́ rẹ̀, àwa náà sì ń jẹ èso rẹ̀ dòní. Oore tí a rí gbà tóbi, a kò sì sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan náà, ní ìpàdé ọdún 150 rẹ̀ ní Atlanta ní 1995, jẹ́wọ́ ní gbangba pé oko ẹrú jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Kò sọ pé "àṣà ìgbà náà ni." Bí àwùjọ bá ni òdiwọ̀n, kí ni wọ́n ń tọrọ ìdáríjì fún?

Kí a má sì fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba òyìnbó nìkan. Ní 1821 àwọn jagunjagun ya wọ Òṣogùn, wọ́n kó ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí. Àwọn Yorùbá wà lára wọn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ìgbà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Òun ni ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Odindi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìyá rẹ̀ kò fi gbúròó rẹ̀, títí wọ́n fi pàdé ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ẹfúnróyè Tinúubú, Ìyálóde Ẹ̀gbá tí à ń yìn fún ìgboyà, ẹrú wà nínú ọjà tí ó tà.

Ṣé àwọn baba wa kò mọ̀ ni? Wọ́n mọ̀. Ẹnu wọn ni a ti gbọ́ ọ pé: Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Àwọn tí ó ní ẹrú nínú agbo ilé ni ó pa òwe yìí. Àṣà wọn gba oko ẹrú láàyè, òwe wọn sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá àṣà náà wí. Ohun tí Paulu ń sọ ní Romu 2 nìyẹn, pé a ti kọ iṣẹ́ òfin sí ọkàn àwọn tí kò gba òfin. Ṣùgbọ́n kí a ka ẹsẹ 15 dé ìparí. Paulu ní ìrònú ènìyàn ń fi í sùn, ó sì tún ń gbèjà rẹ̀. Ẹ̀rí-ọkàn lè di agbẹjọ́rò fún wa nígbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí. Furman ní ẹ̀rí-ọkàn. Àwùjọ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ.

NÍBO NI Ó TI KÀN WÁ?

Ní Marku 7 Jésù kò bá àwọn Farisi jà nítorí pé wọ́n ń wẹ ọwọ́. Ohun tí ó bí i nínú ni Korbani: ọmọ yóò ní ohun ìní òun ti di ti Ọlọ́run, baba àti ìyá rẹ̀ tí ó ti darúgbó yóò sì jókòó lórí òfo. Àwọn olùfọkànsìn ni ó ṣe àṣà yìí. A kò pe àwọn arúgbó tí yóò jìyà rẹ̀ sí ìpàdé tí a ti ṣe é.

Ẹni tí àṣà bá bà lé ni kí a kọ́kọ́ bi. Àwọn baba wa ní ẹni tí yóò fi ọ̀pá ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, bó ṣe ń dùn ún tó. Matteu 7:12 kò jìnnà sí i. Ẹ jẹ́ kí a mú opó. Ọkọ kú, wọn kò tíì sin ín, àwọn ẹbí ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá àti ìwé ilé. Wọ́n ní àṣà ilé ni. Díákónì lè wà nínú wọn. Ta ni ó bi opó náà? Bí ọmọbìnrin tiwa bá di opó lọ́la, ṣé a ó jókòó kí a máa wò ó, kí a ní àṣà ilé ọkọ rẹ̀ ni?

Ọmọ ọ̀dọ̀ ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń pọn omi, ó ń gbé igbá kiri, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ń wọ bàtà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo àdúgbò ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ojú kò tì wá. Láti 2003 ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, òwe ẹrú yẹn ti wà: ọmọ ọ̀dọ̀ náà ń ṣe ọmọ níbi kan.

Ti rìbá kò ní pẹ́ wa. Wọ́n ní gbogbo ayé ń gba ẹ̀gúnjẹ. Bí ó bá dára lójú wọn, kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní owó ọtí, owó obì, owó epo mọ́tò? A kì í fún ohun rere ní orúkọ àlùmọ̀kọ́rọ́yí.

Ó yẹ kí a gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó sọ pé àwùjọ ni ó ni òdiwọ̀n. Ní 1947, nígbà tí Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ń múra láti kéde ẹ̀tọ́ tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, àwọn onímọ̀ àṣà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé òdiwọ̀n ẹ̀yà kan kò yẹ ní gbígbé ka ẹ̀yà mìíràn lórí. Wọ́n ti rí bí àwọn aláwọ̀ funfun ti fi orúkọ ọ̀làjú tẹ àwọn ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Síbẹ̀, nígbà tí a dìbò lórí ìkéde náà ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, 1948, kò sí orílẹ̀-èdè tí ó dìbò lòdì sí i. Mẹ́jọ kò dìbò rárá. South Africa wà nínú wọn, ọdún náà gan-an ni ìjọba tí ó gbé ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà kalẹ̀ gorí oyè níbẹ̀. A kò bi àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni Abrahamu ti gbà lọ́kàn nípa àwọn ará Gerari kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn? Ẹ̀yà tàbí ìlú wo ni àwa náà ń rò bẹ́ẹ̀ sí?

2. Furman àti Sharpe ka Bíbélì kan náà. Kí ni ó jẹ́ kí ẹrú rí ohun tí pásítọ̀ kò rí?

3. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dárúkọ àṣà kan nílé tirẹ̀ tí òun fẹ́ràn, kí ó sì sọ ẹni tí ó ń ru ẹrù rẹ̀. Kí olùkọ́ fún àwọn obìnrin ní àyè láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

4. Bí a bá bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó wà nílé wa lónìí ní ìbéèrè yìí, tí kò sì ní bẹ̀rù, kí ni yóò sọ?